Ajá Tó Ń Gbé Ní Ọrùn Ẹsẹ̀ Ọdẹ́yalé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fà mọ́ra díẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ríbi fìdí lé. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́, kó máa bó o jẹ́jẹ́. Etí mi kò gbọ́ràn tó bó ṣe ń gbọ́ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, n kò sì fẹ́ kí èèpo ẹ̀pà máa bá mi du ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo pàdé ẹfọ̀n lójú ọ̀nà tóóró tí ẹfọ̀n náà sì yà fún mi bí ìyàwó tuntun tó rí baba ọkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe tèmi. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́yalé ni, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọdẹ ìlú Ìdí-Ọ̀mọ̀, ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ rin ìrìn-àjò tí èmi tí mo ní ẹsẹ̀ méjì pípé kò tíì rin irú rẹ̀ rí. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Bí mo bá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ má bínú, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, àlejò kì í bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣà ìlú wa fún yín. Ní Ìdí-Ọ̀mọ̀, wọn kì í ṣàdédé gba èèyàn sẹ́gbẹ́ ọdẹ. Wọ́n á ní kó na apá, wọ́n á kó ìjàlọ lé e, olórí ọdẹ á sì bi í léèrè pé, "Ó ń dùn ọ́ bí?" Èsì tó wà níbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Ọdẹ ò mọ̀ ọ́n." Bó bá ti fèsì bẹ́ẹ̀, ó di ọdẹ nìyẹn, láti ọjọ́ náà, "ó ń dùn mí" di èèwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ títí ayé. Èmi náà kọjá níbẹ̀. N kò ṣẹ́jú. Omi kan bọ́ lójú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé èéfín ni, wọ́n sì gbà mí gbọ́, nítorí a dáná nítòsí.

Ọdẹ́yalé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó kọ́ ibùba sórí igi ọ̀mọ̀ kan, ó ń dúró de ìgalà, ni ẹ̀ka tó fẹ̀yìn tì bá dá. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀rẹ́ mi kò wo ẹ̀ka náà láti òkèèrè, kò sì wò ó nítòsí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi balẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ náà sì yí padà bí ẹni pé ó fẹ́ wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un jẹ́ obìnrin kan tí kò ga ju ìbọn ọdẹ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ó la ẹsẹ̀, ó to egungun, ó fi irin kàn wọ́n mọ́ra bí káfíńtà ṣe ń kan férémù fèrèsé. Nígbà tó yá, wọ́n tú símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi we ẹsẹ̀ náà. Ọgbẹ́ ti jiná, àpá rẹ̀ gùn bí ọ̀kùn.

Dókítà wá pe Ọdẹ́yalé àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ jókòó. Ó ní egungun ti so pọ̀, ṣùgbọ́n ìrora kò ní í tètè lọ, kí ìyẹn má dẹ́rù bà wọ́n. Ó ní kó máa tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, kó sì máa sọ fún ará ilé rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí yóò rìn àti ìgbà tí yóò sinmi. Bó bá gbé ẹsẹ̀ lé àpótí títí iṣu tuntun fi dé, ọrùn ẹsẹ̀ náà yóò gan, kò sì ní í wọ igbó mọ́ láyé. Oko ìdí ilé pàápàá, wọn á máa gbé e lọ ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe. Ó délé, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìrora gbá a láti ọrùn ẹsẹ̀ dé eyín. Àwẹ̀ró bi í pé, "Baba Àyọ̀ká, ṣé ó ń dùn yín?" Ó ní, "Kò tó nǹkan." Ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kò sì gbé e sọ̀ mọ́. Bó ṣe rí ní ọjọ́ kejì nìyẹn, àti ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bí Àwẹ̀ró bá ní "Ẹ pẹ̀lẹ́," á gbó mọ́ ọn pé ta ló sọ fún un pé nǹkan ń ṣe òun. Bó bá gbé oúnjẹ wá, oúnjẹ á pẹ́ jù tàbí kó gbóná jù. Obìnrin náà sọ pẹ̀lẹ́ títí, kò rí ibi tí pẹ̀lẹ́ náà ń wọ̀, ó bá dákẹ́. Ó ń gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó ń lọ sóko. Àyọ̀ká, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti wà nílé ọkọ, ilé wá dá bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Àwẹ̀ró gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti sú ọkọ òun. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú ìtàn yìí, kí n tètè sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ti ń dín kù, iṣu ti ń ta lábẹ́ ilẹ̀, Ọdẹ́yalé nìkan ló jókòó sí iwájú ilé. Ó wo àwọn ebè lẹ́bàá ilé, ó rí i pé àkókò ń lọ. Ó ní òun yóò tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ lónìí bó bá fẹ́ kó fà ya. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ni ìrora náà bọ́ sílẹ̀ láti ojú àpá, ó gbọn ara nù, ó di ajá.

Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo rí ọ. Ajá ni mo wí. Àwọ̀ eérú ló ní, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì wó lulẹ̀, eyín rẹ̀ sì tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó wo Ọdẹ́yalé lójú, ó gé e jẹ lójú àpá, ó sì kọrí sígbó. Bó ṣe ń jìnnà ni ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ń fà tẹ̀ lé e, bí ẹni pé wọ́n fi okùn so wọ́n pọ̀. Ọdẹ́yalé gbé ìbọn kọ́ ọrùn, ó ki ọ̀pá méjèèjì tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn bọ abẹ́ abíyá, ó sì gbá tẹ̀ lé e. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kó pa ajá náà, kó padà wálé, kó sì rìn.

Igbó tí ajá náà wọ̀ ni wọ́n ń pè ní Igbó Ìkérora. Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà ibẹ̀, ẹsẹ̀ tó bá ń dunni ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo igi inú rẹ̀ ló ń kérora, nítorí ìkérora tí àwọn akọni ayé bá gbé mì, ibẹ̀ ló ń lọ hù. Ọdẹ́yalé kọjá lábẹ́ ìrókò kan, ó gbọ́ ohùn jagunjagun tó ti kú kí wọ́n tó bí baba rẹ̀. Ó dé ìdí àràbà kékeré kan, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀: gbogbo ìkérora tó gbé mì lórí àga níwájú ilé, ó wà níbẹ̀, ó ń rọra dún. Ó ní òun gbọ́ ohùn ẹnì kan tó jọ tèmi lórí igi kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú ìtàn.

Kó tó kan àwọn igi wọ̀nyí, ibodè igbó náà ló ti kọ́kọ́ bá ìyá arúgbó kan, iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan, tó jókòó tó ń hun ẹní. Ìyá náà kò gbójú sókè. Ó ní kó tó kọjá, kó dá òun lóhùn ọ̀rọ̀ kan.

"Àlejò kan wọ ilé rẹ, kò kan ilẹ̀kùn. O lù ú, kò lọ. O sá fún un, ó tẹ̀ lé ọ. O ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó jókòó sórí ẹní rẹ. Kí ni wàá ṣe fún un?"

Ọdẹ́yalé ní òun yóò yìnbọn fún un. Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín títí koríko fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò burú, kó wọlé lọ dán an wò, ṣùgbọ́n kó mọ òfin ibodè òun: ẹni tó bá tọ ajá wọ Igbó Ìkérora kò ní í jáde àfi pẹ̀lú ajá náà, ajá náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ajá tó ń dáhùn bí wọ́n bá pè é. Ó ní, "Ajá tí kò lórúkọ, kí ni wàá fi pè é? Lọ sọ ajá rẹ lórúkọ."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Ọdẹ́yalé nínú, nítorí kò sí ẹni tó mọ ajá í sọ lórúkọ tó o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ohun tí èèyàn kò lè wí lójú aládùúgbò, orúkọ ajá ló fi ń wí i. Nígbà tí ẹnì kan ń jí iṣu Ọdẹ́yalé wú lóko, Ọdẹ́yalé sọ ajá rẹ̀ ní Ẹ-jẹ́-ká-fọkàn-tán-ra-wa, ó ń pè é láàárọ̀ lálẹ́ lẹ́bàá fèrèsé onítọ̀hún, títí iṣu fi dẹ́kun àtilọ. Ó rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni ti ajá yìí.

Ó rí ajá náà lórí àpáta, ó fẹ àyà, ó pè é: "Ọdẹ-ò-mọ̀-ọ́n!" Ajá wo ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni pé ará ibòmíràn ni wọ́n ń pè. Ó pè é ní Kò-tó-nǹkan. Ajá sọ̀ kalẹ̀, ó gé e jẹ, ó padà sórí àpáta. Ó pè é ní Kúrò-lọ́dọ̀-mi, ìyẹn ló burú jù, ajá ò jẹ́ kúrò mọ́, ó rọ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí eéṣú rọ̀ mọ́ ewé. Inú bí Ọdẹ́yalé. Ó fẹ̀yìn ti igi, ó gbé ìbọn, ó sì yìn ín. Ọta bá ajá lóòótọ́, ọ̀rẹ́ mi kì í tàsé, èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ajá kò kú. Ó tóbi sí i. Ó dàgbà tó ọmọ màlúù, ìrora náà sì dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń jẹ koríko. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú níí le koko. Mo ti ń pa òwe yìí fún un láti ìgbà èwe rẹ̀, ó di ọjọ́ náà kó tó gbọ́ ọ.

Nígbà tó lè dìde, ó ń fa ara rẹ̀ lọ, ajá ń tẹ̀ lé e, ó sì dé ìlú kan láàárín igbó náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Araògbọ́. Lẹ́yìn odi ìlú ni igi ńlá kan wà, wọ́n so ajá mọ́ ọn lọ jàra, gbogbo wọn rù, gbogbo wọn ń gbó. Ọba ìlú fúnra rẹ̀ jáde wá pàdé rẹ̀, ọ̀yàyà kún ojú rẹ̀. Ó ní kí àlejò so ajá tirẹ̀ mọ́ igi náà kó sì wọlé, nítorí ìrora kan kò gbọdọ̀ wọ ìlú àwọn. Ó ní kì í ṣe túláàsì, ìgbàkígbà tó bá wù ú ló lè tú ajá rẹ̀ kó sì máa lọ.

Ọdẹ́yalé so ó. Ìrora náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pa rédíò. Ó gbé ẹsẹ̀ sọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fò, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ju ọ̀pá méjèèjì nù, ó jó yí ọjà wọn po, ó ń sunkún ayọ̀, ó ní òun ti dé ibi tí òun ń lọ. Ta ni yóò bá a wí? Ẹni tó ti pẹ́ nínú ìrora ló mọ adùn ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìrora kò sí.

Ṣùgbọ́n ojú ọdẹ kì í sinmi. Ó rí obìnrin kan tó ń din àkàrà, ó ń fi ọwọ́ lásán kó o nínú epo tó ń hó. Ó rí ọkùnrin kan tí àdá ti gé nítan, tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ òjò. Ó rí ọmọdébìnrin kan tó tẹ àfọ́kù ìgò mọ́lẹ̀, tó ń ta ẹsẹ̀ kiri nínú eré, tí ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìyá ọmọ náà ré ẹ̀jẹ̀ kọjá, ó ń lọ pọnmi. Ọkàn Ọdẹ́yalé gbọgbẹ́. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó yọ àfọ́kù náà, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Ọmọ náà wò ó. "Baba, kí ni wọ́n ń pè ní pẹ̀lẹ́?"

Ó ní ohun tí à ń sọ fún ẹni tó farapa ni.

"Ṣé ó máa ń wo ẹsẹ̀ sàn ni?"

Ọdẹ́yalé ronú. Kò tíì ronú sí i rí láyé rẹ̀, nítorí pẹ̀lẹ́ pọ̀ nílùú wa bí afẹ́fẹ́, ẹni tó kọsẹ̀ à ń kí i, ẹni tó sín à ń kí i, ẹni tó gbé ẹrù à ń kí i. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. "Kì í wo nǹkan kan sàn," ó ní. "Ó kàn ń jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀ pé a rí i ni."

Ọmọ náà fà á láṣọ. "Ẹ tún un sọ," ó ní. Ọdẹ́yalé tún un sọ. Ọmọ náà wá bi í pé, "Ṣé wọ́n máa ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà nílé yín?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dà rú mọ́ ọ̀rẹ́ mi lójú. Ó rántí Àwẹ̀ró, tó ń tẹ́ ẹní sí ìsàlẹ̀ ibùsùn rẹ̀ nílé ìwòsàn, tó ń sọ ọ́ láàárọ̀, tó ń sọ ọ́ lọ́sàn-án, tí òun sì ń dá a padà sí i lẹ́nu bí oúnjẹ tó kan. Ó rántí ọjọ́ tó dákẹ́. Ó wolẹ̀, ó rí i pé orí ẹ̀yinná tó jábọ́ láti ìdí ààrò alákàrà ni òun dúró sí látìgbà yìí, àtẹ́lẹsẹ̀ òun ti ń bó, èèrà sì ti ń gun ojú àpá. Kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn odi, ó gbọ́ ajá kan tó ń gbó tí ohùn rẹ̀ ti há. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé tirẹ̀ ni.

Ó jáde. Ọba rán an létí pé bó bá tú u, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbà padà, kò ní í ṣẹ́kù. Ó ní òun mọ̀. Ó tú okùn, ìrora sì wọlé padà, tàná tòní, ó jókòó lulẹ̀ gbì. Ìgbà yìí ló kọ́kọ́ wo ajá náà bí ọdẹ ṣe ń wo ajá. Ó rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n, pé ó ń gbọ̀n, pé kò tíì sùn láti ọjọ́ tí ẹ̀ka igi ti dá. Ẹ ti rí ajá tí olè wọ ilé rẹ̀ rí? Olè ti lọ, wọ́n ti tún ilẹ̀kùn ṣe, ṣùgbọ́n bí ewé bá jábọ́, ajá náà á gbó. Kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ilé tó ń ṣọ́ ló ń bà á. Ọdẹ́yalé gbé ọwọ́ lé e lórí. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó wo ilé ara rẹ̀, ó wo àga, ó wo àpótí, ó wo obìnrin tó ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀. Ó ya ẹnu, ó rántí èèwọ̀, ó pa á dé, ó tún un yà.

"Ó-ń-dùn-mí," ó pè é.

Ajá náà gbé etí rẹ̀ tó wó sókè. Ó rìn wá, ó gbé àgbọ̀n lé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Ìrora náà kò lọ o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó dùbúlẹ̀.

Báyìí ni wọ́n jọ rìn padà. Bí ajá bá kùn, ọ̀rẹ́ mi á sinmi, á fi ọwọ́ pa á lára, á pe orúkọ rẹ̀. Bó bá dákẹ́, wọ́n á tún gbéra. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí wọ́n fi dé ibodè, ajá náà kò ju èyí tí èèyàn lè gbé sábẹ́ apá lọ. Ìyá arúgbó tún bi í ní ìbéèrè àlejò ọjọ́sí. Ọdẹ́yalé ní, "Màá sọ ọ́ lórúkọ, màá sì bá a rìn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́." Ìyá náà ṣí ibodè. Ṣùgbọ́n ó fi ìkìlọ̀ kan tì í lẹ́yìn: orúkọ tí èèyàn pe ajá nínú igbó, níbi tí ará ilé kò ti gbọ́, kò tíì di orúkọ. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ nílé rẹ̀, ajá náà yóò gbàgbé rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ náà yóò sì gan mọ́ ọn lára.

Ó ṣẹ́jú, ó rí ara rẹ̀ lórí àga níwájú ilé. Ọ̀pá méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ó gbọ́ tí Àwẹ̀ró ti dé láti oko, tó ń fẹ́ná lẹ́yìn ilé.

Ọ̀rẹ́ mi la Igbó Ìkérora kọjá, ó wọ Araògbọ́, ó sì jáde. Ṣùgbọ́n ó fi ìbọn búra fún mi pé ibi tó jìnnà jù nínú ìrìn-àjò náà ni láti orí àga yẹn dé ìdí ààrò ìyàwó òun. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun kan kùn ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró, ó mí, ó tún gbé e. Ó di ògiri mú gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Àwẹ̀ró gbọ́ ìró ẹsẹ̀, kò wẹ̀yìn, ó rò pé oúnjẹ ló pẹ́ tó wá bínú sí.

"Àwẹ̀ró," ó ní. "Ó ń dùn mí."

 Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró lórí abẹ̀bẹ̀.

"Ó ti ń dùn mí látọjọ́ yìí. Lójoojúmọ́ ló ń dùn mí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á dùn mí dé eyín, ìdí nìyẹn tí n kò fi rìn."

Àwẹ̀ró fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó yíjú padà, ó rí i pé ó wà lórí ìdúró, láìsí ọ̀pá, tó ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa rò pé èmi ni mo sú yín."

"Kì í ṣe ìwọ."

Ó sún àpótí ìdáná tirẹ̀ fún un, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ tó ti gbóná níná bo ọrùn ẹsẹ̀ náà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba Àyọ̀ká," ó ní. "Níbo gan-an?" Ó fi ibẹ̀ hàn án. Iṣu tó wà lórí iná jóná lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì sì ha á jẹ.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti jọ ń rìn, dé ìdí igi ọsàn, dé ojú títì, dé ẹ̀yìn ọgbà. Àwẹ̀ró á fi òrí ra ẹsẹ̀ náà, á bi í bí ajá tí ọkọ rẹ̀ ti ròyìn fún un ṣe jí, á sì gba èsì gidi. Àwọn ọjọ́ kan wà tó burú tí wọn kò kọjá ẹnu ọ̀nà, wọ́n á jókòó síbẹ̀. Nígbà tí iṣu tuntun dé, ọ̀rẹ́ mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé oko, ó sì fúnra rẹ̀ wa èyí tó tóbi jù. Ajá ṣì wà. Ó ti dàgbà, oorun ló ń sùn jù, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá mú, á jí kùn díẹ̀. Ọdẹ́yalé á wá pe orúkọ rẹ̀ láìfi bò, bí ẹni pe ẹran ọ̀sìn wọlé, Àwẹ̀ró á sì dá a lóhùn láti inú ilé pé, ẹ pẹ̀lẹ́.

Ó kù díẹ̀. Ẹgbẹ́ ọdẹ gbọ́ pé ó ti jẹ èèwọ̀, wọ́n pè é. Ó dúró níwájú wa, ó ro gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe rò ó yìí, ó sì fi kún un pé ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àwọn ìyàwó wa sì ti mọ gbogbo rẹ̀ tipẹ́.  Títí dòní, wọ́n ṣì ń kó ìjàlọ lé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọdẹ lápá ní Ìdí-Ọ̀mọ̀, wọ́n sì ń bi í léèrè bó ń dùn ún. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní kó ṣì dúró díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ní ó ń dun òun, gbogbo ẹgbẹ́ á wí fún un lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Pẹ̀lẹ́," olórí ọdẹ á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn ìjàlọ náà kúrò. Èmi ni olórí ọdẹ báyìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ọdẹ́yalé sìn mí dé nìyí, kí kálukú gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílé jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, mo rí bí ẹ ṣe ń wo omi ojú mi. Ẹ má wulẹ̀ wá ibi tí èéfín ti ń bọ̀. A kò dáná níbí.